Kí Ló Ń Ba Àwọn Ọkùnrin Wa Lẹ́rù Tó Báyìí?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, àti gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì yín ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ara yín ti yá, pé ẹ ti dá oògùn dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí rẹ̀. Oògùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí ara yín yá.

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ pa á rẹ́ kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí mi.

Fídíò kan ni. Mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo wà lórí WhatsApp ló gbé e wá láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ yí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ká, wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà án, wọ́n ní ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sùn. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta sídìí rẹ̀. Mi ò lè wo ẹni tí wọ́n ń nà, nítorí náà ojú àwọn tó ń nà án ni mo ń wò. Ọ̀kan nínú wọn wọ òrùka ìgbéyàwó. Ẹni ogójì ọdún ló máa jẹ́, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òógùn bò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó ń gbọ̀n. Mo wá ń bi ara mi pé: kí ni ọmọ yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bó jẹ́ pé ewúrẹ́ rẹ̀ ló jí gbé, ó máa yé mi. Bó jẹ́ pé ó ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó máa yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí ní aya, kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun lọ̀ ọ́, síbẹ̀ inú ń bí i bí ẹni pé wọ́n jó ilé rẹ̀.

Ibi tí ìbínú yẹn ti ń wá ni mo fẹ́ ká jọ wò. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ òfin. Òfin wà nílẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kíní ọdún 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò sí ibì kan nínú òfin yẹn tó ní kí a fi bẹ́líìtì na ẹnikẹ́ni lójú títì. Mi ò sì bá yín sọ̀rọ̀ pé kí ẹ yí ẹ̀sìn yín padà. Ọmọ ìjọ ni èmi náà. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ, nítorí àìsàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ibi tí a rò pé ó wà ló wà.

Àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìkórìíra yìí. Onímọ̀ nípa ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, George Weinberg, ló jẹ́ kí orúkọ náà tàn kálẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1972. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rù ló pè é. Irú ẹ̀rù tí í máa ba àwọn kan bí wọ́n bá rí ejò tàbí bí wọ́n bá gun òkè gíga. Mo rò ó títí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù nǹkan kì í gbọ̀n níwájú rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń bẹ̀rù?

Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀dọ̀ tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún márùn-ún ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, ó ń sunkún. Kí la máa ń sọ fún un? “Dákẹ́ jàre, ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?” Ó gbé ọmọláńgidi àbúrò rẹ̀ ṣeré, a já a gbà. Ó rìn jẹ́jẹ́, a ní ó ń rìn bí obìnrin. Bí obìnrin bá wá ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà, tó kọ́lé, tó rán ọmọ lọ sí yunifásítì, a óò yìn ín pé obìnrin bí ọkùnrin ni, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹ dán an wò, ẹ lọ pe ọkùnrin kan ní ọkùnrin bí obìnrin lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ojú yín máa rí.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yẹn ń kọ́ láti kékeré nìyẹn: pé kò sí ohun tó burú tó kó dà bí ìyá rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti mọ̀ ọ́n dunjú. Tó bá rí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì tí ohùn rẹ̀ tinrín, yóò jìnnà sí i, kí wọ́n má baà kà á mọ́ ọn. Tó bá fẹ́ kí àwọn yòókù gbà pé ọkùnrin ni òun, òun ló máa kọ́kọ́ sọ òkò. Nígbà tó bá dàgbà, tó gbọ́ pé ọkùnrin kan gbà kí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é bí ọkọ ti ń ṣe aya, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé ọkùnrin kan gbà láti di obìnrin. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bọ́ adé sílẹ̀ tó sì lọ gbé ìgbálẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín sí fídíò wọ̀nyí. Èébú tí wọ́n ń bú ọmọ yẹn, àwa ni. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń bú u.

Nǹkan kejì tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ara wọn. Obìnrin tó bá ti dàgbà, obìnrin ni, kò sẹ́ni tó máa ní kó wá fi hàn lójoojúmọ́. Ti ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí oyè tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni nígbàkigbà. Àwọn olùkọ́ méjì ní Yunifásítì South Florida ní Amẹ́ríkà, Joseph Vandello àti Jennifer Bosson, ti ń ṣe ìwádìí lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan di irun bí obìnrin ti ń di irun, wọ́n ní kí àwọn yòókù di okùn. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí kálukú yan ohun tó bá fẹ́ ṣe: kó máa gbá àpò ẹ̀ṣẹ́ bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, tàbí kó jókòó tú àlọ́. Àwọn tó di irun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó yan ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo wọn kan ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ àwọn tó di irun ló le jù. Irun dídì lásán o! Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi dì í? Síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n kan nǹkan lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Àwa tí a mọ Ọ̀yọ́ yẹ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin gidi, olóbìnrin, bàbá ọlọ́mọ, a máa di irun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi í ṣẹ̀sín. Ní Brazil àti Cuba tí wọ́n gbé òrìṣà wa lọ, ìyàwó ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdí òrìṣà títí di òní, ì báà jẹ́ ọkùnrin ì báà jẹ́ obìnrin. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, àwọn ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á de ọmú àti ìdí, wọ́n á máa jó kí inú àwọn ìyá lè dùn sí ìlú. Tí wọ́n bá jó tán, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á padà sílé sọ́dọ̀ aya wọn. Mi ò ní kí ẹ lọ bọ òrìṣà o, mi ò sì sọ pé ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn bàbá ńlá wa lè sún mọ́ ohun obìnrin láìsí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á gba ọkùnrin lọ́wọ́ wọn. Èmi gan-an rántí bí àwọn bàbá ládùúgbò wa ṣe ń di ara wọn lọ́wọ́ mú rìn lọ síbi àríyá, bí ọ̀rẹ́ méjì ṣe ń sùn sórí ẹní kan. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kò lè dì mọ́ra níbi òkú ìyá ọ̀kan nínú wọn kí àwọn kan má wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní ìwà òyìnbó ni ọkùnrin fífẹ́ ọkùnrin. Ó dáa. Òfin tó ti ń fi í sẹ́wọ̀n ọdún 14 ní gúúsù ilẹ̀ wa láti 1916 ńkọ́? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa ló kọ ọ́ sínú ìwé òfin ọ̀daràn wọn. Nígbà tó di 1967, wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí àwọn àgbàlagbà méjì tó bá ṣe é ní kọ̀rọ̀ ní England àti Wales. Tiwa ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Bàbá kan bi mí pé ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ ńkọ́. Mi ò bá a jiyàn lórí Ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í. Àgbèrè wà nínú Ìwé kan náà. Irọ́ wà níbẹ̀, jíjẹ owó opó wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n èké wà níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn alágbèrè àdúgbò wa ni wọ́n ti bọ́ sí ìhòòhò nà lójú títì? Òmíràn nínú wọn ló ń ṣe alága níbi ìkórè. (Ẹ má bi mí léèrè ta ni.) Bó bá jẹ́ Ìwé nìkan ló ń bí wọn nínú, ìbínú náà ì bá kárí. Nígbà tí kò kárí, nǹkan mìíràn ló ń fún un ní agbára.

Mo tún kíyè sí i pé ìbínú yìí máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn rí òun. Ọkùnrin tó ń pariwo ní iwájú ilé tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n pa gbogbo wọn, òun kan náà ló máa dúró dè mí lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ, tó máa rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ dáadáa ni o, ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa ṣe fún un ló ń bà mí.” Ta ló wá ń pariwo fún? Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kórìíra jù ni ó ní i lára. Ìwádìí kan wà ní Georgia ní Amẹ́ríkà ní 1996 tí wọ́n fi ọkùnrin 64 ṣe, tó fara jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá wọn jiyàn gidi lórí ohun tó túmọ̀ sí. Èmi kì í lò ó. Bí a bá ń fi bú àwọn ọkùnrin pé, “ìwọ náà ni,” èébú kan náà la tún gbé padà wá, a kàn yí ojú rẹ̀ ni.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ju ìyẹn lọ, tí a kì í fẹ́ sọ, ni ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n fìyà jẹ nígbà èwe. Ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń sùn sí, lọ́dọ̀ olùkọ́ ilé, lọ́dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́, lọ́dọ̀ ìbátan. Ọmọkùnrin tí àgbàlagbà bá fi ipá bá lòpọ̀ kì í lè sọ ọ́, nítorí tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní hómò ni. Yóò gbé e mì. Lẹ́yìn ogún ọdún, tó bá rí ọkùnrin méjì, ẹni tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ ló ń rí. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fífi ipá bá ọmọ lòpọ̀, ìwà ọ̀daràn ni, ì báà jẹ́ ọkùnrin ló ṣe é sí ọkùnrin, ì báà jẹ́ ọkùnrin ló ṣe é sí ọmọbìnrin. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015 ti gbà pé wọ́n lè fi ipá bá ọkùnrin náà lòpọ̀, tẹ́lẹ̀ obìnrin nìkan ni òfin mọ̀. Ní Ìkẹjà, Mirabel Centre ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fi ipá bá lòpọ̀ láti 2013. Bí ọmọkùnrin yín bá dédé yí padà, tó ń tọ̀ sílé, tó ń bẹ̀rù ẹnì kan, ẹ má kọ́kọ́ bi í bóyá ọkùnrin ni òun. Ẹ bi í ta ló fọwọ́ kàn án.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti ń pa àwọn ọkọ wa tí kò fẹ́ ọkùnrin kankan rí.

Prósítéètì jẹ́ kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, níwájú ibi tí ìgbẹ́ ń gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ó lè wú, ó sì lè ní àrùn jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ prósítéètì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin wa ju èyíkéyìí nínú àwọn jẹjẹrẹ yòókù lọ, ó sì máa ń mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju ọkùnrin funfun lọ. Níbẹ̀rẹ̀, kì í dun èèyàn. Ọ̀nà méjì la fi ń wá a: ẹ̀jẹ̀ tí a ó gbà fún àyẹ̀wò PSA, àti ìka dókítà. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nǹkan tó ń yọ̀ sí i, á fi ìka kan wọ ihò ìdí, á tọ́ prósítéètì wò bóyá ó le tàbí ó ní kókó. Kì í pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń ka Àdúrà Olúwa tán.

Ìka kan yìí ni àwọn bàbá wa ń sá fún. Mo ti gbọ́ ọ káàkiri: “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di hómò ni?” “Kò sí ọkùnrin tó máa fi nǹkan kàn mí níbẹ̀.” Bàbá kan tó ń jí dìde lẹ́ẹ̀mẹfà lóru láti tọ̀ sọ fún mi pé òun yóò kúkú kú bí ọkùnrin. Aya rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀. Irú wọn máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, wọ́n á ní làkúrègbé ń da àwọn láàmú, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, itan ń ro wọ́n. Nígbà míràn kì í ṣe làkúrègbé mọ́. Jẹjẹrẹ náà ti wọnú egungun.

Ti jẹ̀díjẹ̀dí tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìdí rẹ̀, àgbo jẹ̀dí ló ń mu ní ìdí ọkọ̀ lárọ̀ọ́lárọ̀ọ́. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. A tún ní oògùn tí a ń fi sí ìdí fún ẹni tó ń bì tí kò lè gbé nǹkan mì. Obìnrin kì í bá mi jà lórí rẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì á fi gbogbo agbára tó kù di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

Ẹ wo ohun tí a fi sí wọn lọ́kàn. A sọ fún wọn láti kékeré pé ibi kan wà lára wọn tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá kàn án, ọkùnrin wọn ti lọ. Wọ́n gbà wá gbọ́.

Àwọn tí wọ́n ń kórìíra ńkọ́? Àwọn náà ń ṣàìsàn. Ibà ń mú wọn, àtọ̀sí ń mú wọn, ìdààmú ọkàn ń mú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò nínú ìwé àìsàn láti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1990. Kì í ṣe àrùn tí oògùn tàbí ìgbààwẹ̀ ń wò. Ṣùgbọ́n wọn kò lè wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí òfin 2014 jáde, àwọn olùwádìí kan ti ń tọ́jú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Abuja. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n tẹ̀ sínú Lancet HIV ní 2015, ni pé iye àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀ sí i ní kété tí òfin jáde. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ ní Nàìjíríà, kòkòrò HIV pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó lé. Ẹ má kà á sí èpè. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò, tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ẹni tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó wá ni kòkòrò náà ń ráyè nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà yóò fẹ́ aya láti fi bojú. Ẹbí náà á tì í: “Ẹ fún un níyàwó, á yí padà.” Mo bẹ̀ yín, ọmọ ta ni ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn? Mo ti jókòó ti obìnrin tó lóyún oṣù mẹ́rin, tó wá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti kó o, tí kò mọ ọkùnrin mìíràn láyé yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n lé jáde. Ọkọ kò gbà kí wọ́n yẹ òun wò rárá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti rí irú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tó ń tẹ̀lé obìnrin kiri náà ń gbé àrùn wálé, àwọn ló sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fi tipátipá mú ọkùnrin pa irọ́, inú ara obìnrin ni irọ́ náà máa ń gbé.

Àwọn ọmọ wa náà ti rí i pé owó wà nínú ẹ̀rù yìí. Kítò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi fóònù ṣe bí ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́, wọ́n á pe ọmọ ọlọ́mọ wá sínú yàrá, wọ́n á lù ú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ níhòòhò, wọ́n á gba gbogbo owó inú báńkì rẹ̀. Kò lè lọ bá ọlọ́pàá. Olè ni wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìlú ni àwọn ń tún ṣe. Ẹ sì rántí àwọn ọkùnrin 57 tí ọlọ́pàá kó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó, ní oṣù Kẹjọ 2018. Wọ́n fi ojú wọn han àwọn oníròyìn. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà falẹ̀ títí oṣù Kẹwàá 2020 tí adájọ́ fi lé e dànù nítorí pé àwọn tó pe ẹjọ́ kò ṣe iṣẹ́ wọn. Ojú tí wọ́n ti fi han ayé, ta ló máa gbà á padà?

Ìyá kan tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kí n tó fi ránṣẹ́ bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, bó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́?” Mo ní màmá, tó bá jẹ́ tèmi, mo máa fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ló máa kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe àwọn tó máa fi bẹ́líìtì dá a lóhùn. Màmá kò sọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n fi ránṣẹ́.

Fídíò yẹn, bó bá ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ yọ ọ́. Ìyá ọmọ náà lè wà nínú ẹgbẹ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí.

Fún ẹ̀yin bàbá wa: ẹni tó bá ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún, kó wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa prósítéètì rẹ̀. Bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bá ti ní i, ẹ má dúró de àádọ́ta, ẹ wá ní nǹkan bí ogójì. Ẹni tó bá ń jí tọ̀ lóru, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tótó, tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí nínú ìgbẹ́, kó má wo ọjọ́ orí rárá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Dókítà ọkùnrin wà, dókítà obìnrin wà, ẹni tí ẹ bá fẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí aya yín wọlé pẹ̀lú yín, a ó fún un ní àga. Yàrá náà ní kọ́kọ́rọ́.